Ọkọ̀ Wo Ni Ó Gbé E Dé? Ẹ̀kọ́ lórí Wíwá Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n àti Àwọn Atẹ̀dó Ìṣáájú nínú Ìwé Ìjọba Ọsirélíà

Bí àlejò kan bá wọ ìlú wa tí ó sì dárúkọ ara rẹ̀, orúkọ nìkan kì í tẹ́ wa lọ́rùn. A ó bi í pé, "Ọmọ agbo ilé wo ni yín?" Ìgbà tí ó bá dárúkọ agbo ilé rẹ̀ ni a tó mọ ibi tí a ó kà á mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ilẹ̀ kan wà ní ìhà gúúsù ayé tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó di agbo ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ni Ọsirélíà. Ẹni tí ó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ láàrin àwọn tí a kó lọ síbẹ̀ ní ẹlẹ́wọ̀n, ìbéèrè kìíní tí yóò gbọ́ ni pé, "Ọkọ̀ wo ni ó gbé e dé?" Mo fẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń wá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí nínú ìwé ìjọba, àti bí ó ti yẹ kí a ka ìwé náà, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí a rí orúkọ ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí a rí ènìyàn náà fúnra rẹ̀.

Kí Amẹ́ríkà tó gba òmìnira, ibẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó púpọ̀ nínú àwọn arúfin rẹ̀ lọ. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1775 tí ọ̀nà sì dí, ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìlú Ọba kún àkúnya, a sì ń kó àwọn ènìyàn sínú ògbólógbòó ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́, tí a dè mọ́lẹ̀ sí ẹnu odò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ọdún 1787, ọkọ̀ 11 ṣí kúrò ní Portsmouth lábẹ́ àṣẹ Arthur Phillip. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, ọdún 1788, wọ́n tẹ ìdó sí ibi tí a ń pè ní Sydney. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1868, nígbà tí ọkọ̀ Hougoumont kó àwọn ìkẹyìn dé Western Australia, nǹkan bí 162,000 ẹlẹ́wọ̀n ni a kó lọ, tí nǹkan bí 25,000 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Olè jíjà ni ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ọdún 7, tàbí ọdún 14, tàbí gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, ni ìdájọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé lè ṣe sí ènìyàn, kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ kò ju ọ̀rọ̀ eruku lọ. Nígbà tí Phillip ṣíkọ̀, a fi ìwé tí ó sọ ìgbà tí ìdájọ́ olúkúlùkù yóò parí sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 1789, àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í tọ Gómìnà wá pé àkókò àwọn ti pé, pé kí a dá àwọn sílẹ̀. Gómìnà kò lè sọ pé irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ pé òótọ́ ni. Òkun tí ọkọ̀ ń rìn fún oṣù mẹ́jọ ni ó wà láàrin wọn àti ìwé náà. Nítorí náà wọ́n ń bá iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n lọ nígbà tí òfin ti kà wọ́n sí ọmọlúwàbí tí ó ti san gbèsè rẹ̀ tán. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ní ọjọ́ òun pé ni James Ruse, ará Cornwall, tí a dá ẹjọ́ ọdún 7 fún ní Bodmin ní ọdún 1782. Phillip kò rí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Parramatta ní ìparí ọdún 1789, kí ó lè fi hàn bóyá ènìyàn lè fi oko dídá bọ́ ara rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ruse yege. Ní ọdún 1791 a fi ìwé fún un ní ilẹ̀ 30 éékà, èyí tí í ṣe ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba New South Wales fi fún ẹnikẹ́ni. Ó kú ní ọdún 1837. Òkúta ibojì rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ olè. Ohun tí ó sọ ni bí ìyá rẹ̀ ti fi ìkẹ́ tọ́ ọ, àti pé òun ni ó kọ́kọ́ gbin ọkà sí ilẹ̀ náà. Bí a bá ka ìwé ilé ẹjọ́ Bodmin nìkan, a kò ní mọ èyí.

Lẹ́yìn ìgbà ìṣáájú yẹn, ìjọba kọ́gbọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ kan bá gúnlẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ yóò fi ìwé orúkọ gbogbo àwọn tí ó kó wá lé Gómìnà lọ́wọ́. Mo pè é ní ìwé ìgúnlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ, ibi tí a ti dájọ́, ọjọ́ ìdájọ́ àti iye ọdún ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n fi ọjọ́ orí kún un, ìlú ìbí, iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀ṣẹ̀, bóyá ènìyàn náà mọ̀wé kà, gíga rẹ̀, àwọ̀ ojú àti irun rẹ̀, àpá ara rẹ̀, àti àwòrán tí wọ́n fín sí apá tàbí àyà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ibikíbi tí akọ̀wé ìjọba bá ti kọ orúkọ ẹlẹ́wọ̀n, yóò kọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ tì í. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn tí ń jẹ́ John Smith tàbí Mary Brown kò lóǹkà. Bí a kò bá mọ ọkọ̀, John Smith tí ó gbẹ́ igi yóò di John Smith tí ó ran bàtà, àwọn ọmọ ọ̀kan yóò sì máa sunkún lórí ibojì èkejì. Nítorí náà, orúkọ, ọkọ̀, àti ọdún tí ọkọ̀ náà dé: okùn onífọ́nrán mẹ́ta yìí ni kí olùwádìí dì mú.

Àwa tí a mọ ilà ojú kò ní ṣàìmọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ àpá ara sílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, fún àwọn ènìyàn tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, ilà àti àpá. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ nínú ìwé náà, nítorí ìlú yẹn ni a sọ Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, kalẹ̀ sí ní ọdún 1822. A ń kó ẹgbẹ́ kan lọ sínú ìdè, a ń tú ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀; síbẹ̀ irú gègé kan náà ni akọ̀wé fi kọ wọ́n, ohun tí etí rẹ̀ sì gbọ́ ni ó kọ, ìbáà ṣe orúkọ ará Ireland tàbí orúkọ ará Ọ̀yọ́. Nítorí náà kí olùwádìí má ṣe fi ojú nìkan wá orúkọ. Kí ó pè é sókè, kí ó sì wá gbogbo ọ̀nà tí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà lè gbà kọ ọ́.

Ìwé pọ̀ lẹ́yìn ìwé ìgúnlẹ̀. Ìwé àyè ń bẹ, èyí tí Gómìnà King bẹ̀rẹ̀ sí í fi fúnni ní ọdún 1801: ẹlẹ́wọ̀n tí ó bá gbà á lè ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ kí ó sì gba owó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúrò ní àdúgbò tí a dá fún un. Ìwé òmìnira ń bẹ fún ẹni tí ó bá sin ọdún rẹ̀ pé. Ìdáríjì sì jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan pátápátá, èkejì pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni náà kò ní padà sí Ìlú Ọba títí ìdájọ́ rẹ̀ yóò fi tán. Ìpè-orúkọ tún wà, nígbà tí a ó pe gbogbo ènìyàn jọ sí ojú kan láti kà wọ́n, kí ìjọba lè mọ iye ẹnu tí ó ń bọ́. Àwa tí ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé láràárọ̀ mọ̀ pé ẹni tí kò bá wá kò túmọ̀ sí ẹni tí ó kú. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1828, a ṣe ìkànìyàn àkọ́kọ́ ní New South Wales: ènìyàn 36,598 ni a kọ, àwọn 20,870 jẹ́ òmìnira, àwọn 15,728 sì wà nínú ẹ̀wọ̀n. Lẹ́tà méjì-méjì ni akọ̀wé fi sọ ipò olúkúlùkù: CF fún ẹni tí ó wá láìsí ìdè, BC fún ẹni tí a bí sí ilẹ̀ náà, FS fún ẹni tí ó sin ọdún rẹ̀ tán. Kéékèèké ni lẹ́tà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ óò rí i láìpẹ́ bí wọ́n ti wúwo tó.

Nísisìyí, kí a tọ ipasẹ̀ ẹnìkan láti ìwé dé ìwé. Mo yan William Blue, nítorí pé ènìyàn dúdú ni, àti nítorí pé àwọn ìwé rẹ̀ ń bá ara wọn jiyàn.

Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1796, ilé ẹjọ́ ní Maidstone, ní Kent, dá ẹjọ́ ọdún 7 fún un nítorí pé ó jí ṣúgà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 80. Ọkọ̀ Minorca ni ó gbé e dé Sydney, ní oṣù Kejìlá, ọdún 1801. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀: ó ti lò ju ọdún 5 lọ nínú ìdájọ́ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ ìgbèkùn, kò sì ku ọdún 2 pé kí ó di òmìnira. Ìwé ìjọba kò sọ fún wa bí ọdún wọ̀nyẹn ti rí lára rẹ̀. Ọjọ́ méjì nìkan ni ó fi hàn wá, àwa ni a ó yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì St. Philip fi í hàn ní ọdún 1805 pé ó gbé Elizabeth Williams, tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n, níyàwó. Ní ọdún 1807 ó ń kéde nínú ìwé ìròyìn Sydney Gazette pé òun ń tu ọkọ̀ gbé ènìyàn kọjá èbúté. (Ìwé ìròyìn yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1803, ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń tẹ̀ ẹ́, George Howe ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ìwé tí ó dára jù ú lọ fún wíwá ẹni tí ó sá lọ, ẹni tí ó ṣí ìsọ̀, tàbí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀.) Gómìnà Macquarie fẹ́ràn Blue. Ó fi í ṣe alábòójútó èbúté ní ọdún 1811, ó sì fún un ní ilẹ̀ 80 éékà ní ìhà àríwá omi ní ọdún 1817. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a yọ ọ́ nípò nítorí fàyàwọ́ ọtí. Kò tìtorí èyí fi àjẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 1834. Etí omi tí ó ti ń tukọ̀ ni a sì ń pè ní Blues Point títí di òní.

Títí dé ibi yìí, ọ̀nà tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin yìí kí ó tó jí ṣúgà? Ìwé ẹlẹ́wọ̀n pè é ní atukọ̀ dúdú ará Jamaica. Ẹni tí ó bá yára yóò fò lọ sí erékùṣù Jamaica láti wá ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Jamaica mìíràn wà ní New York ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó sì fara balẹ̀ wádìí rẹ̀ gbà pé ibẹ̀ ni ó ṣeé ṣe jù pé a ti bí i. Ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú kò bára mu láti ìwé kan sí èkejì. Nígbà tí ó di arúgbó, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà, ó sì ní òun ti sin ọba Gẹ̀ẹ́sì lójú ogun nígbà èwe òun. Ṣé òótọ́ ni? Kí olùkọ́ má ṣe sọ fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé irọ́ ni, kí ó má sì ṣe sọ pé òótọ́ ni, kí ó tó béèrè irú ìwé tí ó jẹ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ a máa to ohun tí yóò yọ́ ọkàn onílé sí iwájú. Ìwé ìgúnlẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ àti akọ̀wé fẹ́ mọ̀. Mo gbà pé ìwé ẹ̀bẹ̀ ṣe iyebíye jù fún wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó rọrùn jù láti parọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń sọ ẹni tí òun fẹ́ jẹ́ lójú ayé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún orúkọ rẹ̀ ṣe, ẹ wo Mary Reibey. Ní ọdún 1790, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó pe ara rẹ̀ ní James Burrow, a sì mú un pẹ̀lú ẹṣin olówó ẹlòmíràn. Ọkọ̀ Royal Admiral ni ó gbé e dé ní ọdún 1792, pẹ̀lú ìdájọ́ ọdún 7. Ó fẹ́ Thomas Reibey. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1811 ó kù òun pẹ̀lú ọmọ méje, ó sì mú òwò náà lọ títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn olówó ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1820 ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ wo Ìlú Ọba, ó sì padà ní ọdún 1821. Nígbà tí àwọn akànìyàn ọdún 1828 bi í léèrè ipò rẹ̀, ó dá wọn lóhùn pé òun wá gẹ́gẹ́ bí òmìnira, ní ọdún 1821. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí a lè fi mú un ní òpùrọ́, nítorí ó wá lóòótọ́ ní ọdún náà, kò sì sí ìdè lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ tí ó bá ka ìwé yẹn nìkan kò ní wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Royal Admiral láé. Àwòrán obìnrin yìí ni a tẹ̀ sára owó 20 dọ́là Ọsirélíà láti ọdún 1994.

Akọ̀wé náà a máa ní ohun tirẹ̀ lọ́kàn. Ní ọdún 1806, Àlùfáà Samuel Marsden ti Parramatta kọ orúkọ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà sínú ìwé kan: 1,430 ni wọ́n. Ó pe 395 ní aya, ó sì pe 1,035 ní àlè. Ohun tí kò hàn lójú ìwé náà ni pé àwọn tí a so pọ̀ ní ìlànà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kà sí aya. Obìnrin ará Ireland tí àlùfáà Páàdì so pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀, tí ó bímọ fún un tí ó sì ń se oúnjẹ rẹ̀ ní alaalẹ́ fún ọdún pípẹ́, àlè ni lójú gègé rẹ̀. Ẹgbẹ́ CMS tí ó rán ìhìn rere sí ilẹ̀ wa ni Marsden yìí kan náà ṣojú fún ní ìhà ibẹ̀, òun ni ó sì mú ìhìn rere dé New Zealand ní ọdún 1814. Nítorí náà n kò sọ èyí láti fi í ṣẹ̀sín. Èmi kò gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ohun tí a kọ́ ojú rẹ̀ láti rí ni ó kọ. Síbẹ̀, àwọn tí kò mọ ìdí ìwé náà fi í ba orúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyí jẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Kò sí ibi tí ìwé pọ̀ tó ti Van Diemen's Land, èyí tí a ń pè ní Tasmania, tí ìkólọ dópin síbẹ̀ ní ọdún 1853. Lábẹ́ Gómìnà George Arthur, láti ọdún 1824 lọ, olúkúlùkù ẹlẹ́wọ̀n ní ojú ìwé ìwà tirẹ̀. Nígbà tí ó bá dé, akọ̀wé yóò bi í pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ó bá sì parọ́, ìwé tí ó ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìlú Ọba bá a wá yóò tú u. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ó bá ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ìbáà ṣe ọtí mímu, ìbáà ṣe àfojúdi, ìbáà ṣe pé ó pẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti iye pàṣán. Ọdún tí ó bá fi ṣe jẹ́jẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Bí a bá fi ìwé ìjìyà ilé-ìwé nìkan kọ ìtàn ọmọ kan, kí ni a ó mọ̀ nípa rẹ̀? Nínú irú ìwé yìí, àlàfo funfun láàrin ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ayé ọkùnrin náà; níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ilé, tí ó ti gbéyàwó, tí ó ti sin òkú ọmọ rẹ̀. Inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìròyìn ni a ó ti rí ohun tí a fi dí àlàfo náà.

Ojú ti àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọn kò fẹ́ kí a mọ̀, wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ wọn pé atẹ̀dó òmìnira ni baba ńlá àwọn. Ní ìdajì ìkẹyìn ọ̀rúndún ogún ni nǹkan yí padà tí àwọn ènìyàn ń fi ayọ̀ wá ohun tí àwọn ìyá wọn fi pamọ́. Ní ọdún 2007 UNESCO ka ìwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n Ọsirélíà mọ́ àwọn ìwé tí í ṣe ìrántí gbogbo ayé.

Ti àwọn atẹ̀dó òmìnira kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn àkọ́kọ́ bá ọkọ̀ Bellona dé ní ọdún 1793. Ní àwọn ọdún 1830 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọkọ̀ fún àwọn tálákà tí ó fẹ́ lọ, nítorí náà a kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí, ìlú, iṣẹ́, ẹ̀sìn, àti bóyá wọ́n mọ̀wé. Ẹni tí ó san owó ara rẹ̀ ni ó ṣòro láti rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí: ẹni tí ìjọba kò ní ìdí láti ṣọ́, ìjọba kì í kọ ọ́. Tálákà àti ẹlẹ́wọ̀n ni a mọ àwọ̀ ojú wọn lónìí.

Iná jó díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí ti ìkànìyàn ọdún 1881, tí ó jóná ní Garden Palace ní Sydney ní ọdún 1882. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kù pọ̀ gan-an nínú ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Sydney àti Hobart. Ní ọdún 1948 a bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àwọn tí ó wà ní London kí ará Ọsirélíà má baà sọdá òkun láti kà wọ́n. Púpọ̀ nínú gbogbo rẹ̀ ni a lè kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Ó ku àwọn kan. Kí ọkọ̀ 11 tó dé, àwọn ènìyàn ti wà lórí ilẹ̀ náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ni wọ́n sì ni ilẹ̀ tí a pín fún Ruse àti fún Blue. A kò lè bi wọ́n pé ọkọ̀ wo ni ó gbé wọn dé. Ìkànìyàn ọdún 1828 kò kà wọ́n. Òfin ńlá ilẹ̀ Ọsirélíà ti ọdún 1901 pàápàá sọ pé a kò gbọdọ̀ kà wọ́n mọ́ iye àwọn ará ìlú, títí àwọn olùdìbò fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ní ọdún 1967. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà. Ní àwọn ọdún 1830 sí 1840, ìjọba New South Wales a máa pín kúbùsù fún wọn lọ́dọọdún, akọ̀wé a sì máa kọ ẹni tí ó gbà á: orúkọ rẹ̀ ní èdè tirẹ̀, orúkọ tí òyìnbó ń pè é, ọjọ́ orí rẹ̀, iye aya àti ọmọ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé. Kí kúbùsù má baà tán kí ó tó kárí ni a ṣe kọ ìwé náà. Nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ti ń wá orúkọ àwọn baba ńlá wọn lónìí.